Ìpínrọ̀ Kẹrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Silas Adéyọrí jẹ́, ẹ má wo ilé alájà tó kọ́ sí Iléṣà, ẹ má sì wo bọ́ọ̀sì funfun tó fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ káàkiri. Ẹ fún un ní ojú ìwé kan, kí ẹ ní kó kà á tán. Mo bá a ṣiṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi mọ bó ṣe ń mí, n kò sì rí i rí kó ka àyọkà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìyẹn o.

Dáírẹ́kítọ̀ là ń pè é. Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún àkàyé nínú ìdánwò àṣejáde, ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa. Ọmọ kò gbọdọ̀ ka ìtàn. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ wò, yóò mú ọ̀rọ̀ tó bá le jù níbẹ̀, yóò wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú àyọkà, yóò sì da gbogbo ìlà ọ̀hún kọ bó ṣe wà. Ìpínrọ̀ tí ìbéèrè kankan kò bá kàn, kí wọ́n fò ó. Á ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n, á wá yọ awò ojú rẹ̀, á fi etí agbádá nù ún, á tún gbé e wọ̀. Mo bá a fa ọ̀rọ̀ yìí títí. Mo ní àwọn tó ń ṣe máàkì ti mọ àdàkọ, pé ohun tí ọmọ lóye ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ohun tó rí. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ti pọ̀ jù lágbárí mi.

Julianah Èjìdé ni mò ń jẹ́ nígbà náà. Àǹtí Èjìdé ni àwọn ọmọ ń pè mí.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìdánwò àṣejáde ku díẹ̀, Dáírẹ́kítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní tí wọ́n bá ti pín ìwé ìbéèrè, kí n wọlé kí n kọ ìdáhùn sójú pátákó. Mo ní n kò ní ṣe é. Kò bú mi, kò tilẹ̀ bínú. Lọ́jọ́ ìdánwò, òun fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ́sàn-án gangan, tó dúró níwájú àwọn ọmọ, tó ń pe ìdáhùn àkàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èsì yóò jáde, ìdáhùn gbogbo wọn rí bákan náà, àṣìṣe wọn pàápàá rí bákan náà, ni wọ́n bá fagi lé èsì gbogbo ọmọ. Àwọn òbí ya bo ilé-ẹ̀kọ́. Dáírẹ́kítọ̀ gorí pèpéle, ó nu awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi ń gbọ́ mi lọ́run, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Ó ní Àǹtí Èjìdé ló ta ìdáhùn fún àwọn ọmọ.

Ìyá mi ń gbọ́ mi lọ́run. Kò sí ẹni tí kò mọ gbólóhùn yẹn mọ́ ọn ní Iléṣà, nítorí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan kó má fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ ẹni tó pe ìdáhùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá lanu, òun kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò mìíràn. Wọ́n dákẹ́. N kò dá wọn lẹ́bi, òun ni mo dá lẹ́bi.

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà tó tún fẹ́ rí mi lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í tẹ̀ríntẹ̀rín pé ṣé owó ìdánwò ni wọ́n fi ra léèsì tuntun tó gbé síta. Ó kó ìsọ̀ rẹ̀. Títí tó fi kú, kò padà sí ọjà náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí n gbàgbé.

Mo kó wá sí Òṣogbo, mo gba yàrá kan ní Igbona. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ Ifáṣọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Òun ló máa ń sọ pé kí n fi Dáírẹ́kítọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo máa ń dá a lóhùn pé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó jẹ́ kí n bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń bọ Ọ̀ṣun, nìkan ni ọ̀rọ̀ mi yé. Ó ní kí n jókòó, kí n má tètè sọ̀rọ̀.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Òṣómàálò ni bàbá bàbá mi, ó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú. Ẹni tó bá rajà láwìn tó ń sá fún un, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, á sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló wà lára mi. Ohun kan ṣoṣo sì ni mo ń lóṣòó dè: kí orúkọ mi mọ́ ní Iléṣà, lójú àwọn òbí tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, kí ti Silas Adéyọrí sì bàjẹ́ lójú wọn níbẹ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ọ̀nà tèmi yàtọ̀. Ọmọ á ka ìtàn tán, á pa ìwé dé, á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, á sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún un. Tí ẹnì kejì bá ní kò yé òun, a ó tún un kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò tó jẹ́ kí wọ́n wo ìbéèrè. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, kí ló ń dùn ún, kí ló ń fi pamọ́? Àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti sọ pé wọn ò lè yege ń yege, òkìkí mi sì kàn. Ìyáàfin Ifáṣọlá tó ń kọ́ àkàyé, bí wọ́n ṣe mọ̀ mí nìyẹn. Èjìdé ti di ohun ìgbàgbé.

Òkìkí yìí ló gbé Olóyè Ògúnrántí wá sílé wa. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdíje àkàyé fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́dọọdún. Ó ń wá ẹni tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ Iléṣà kankan, tí yóò bá wọn kọ àyọkà àti ìbéèrè, tí yóò sì jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Kò mọ̀ mí rí. Mo ní n óò ṣe é, mo wọ kíṣìnnì lọ, mo tẹjú mọ́ abọ́ títí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu mi.

Ìdíje yìí ní àṣà kan. Àwọn ìyá àgbà tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló sì ń ra ife ẹ̀yẹ. Wọ́n fi lélẹ̀ pé ọmọ tó bá dé ìparí gbọ́dọ̀ ka gbogbo àyọkà síta lójú èrò, àti pé nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́, àwọn lè dá a dúró kí ó fi Ìjẹ̀ṣà sọ ohun tó kà. Adájọ́ pẹ̀lú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé. Tí ọmọ bá dáhùn, adájọ́ á sọ síta pé ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Kò sí àlàyé.

Ilé-ẹ̀kọ́ Dáírẹ́kítọ̀ ló sì ń gba ife náà léraléra. Kì í ṣe àdììtú fún ẹnikẹ́ni. Olúdayọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó ń tẹ ìwé ìbéèrè, àbúrò ìyàwó Dáírẹ́kítọ̀ ni. Kí ìwé tó dé gbọ̀ngàn, ó ti dé ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ á ti àyọkà mọ́ inú dúróọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun rí i lọ́wọ́ ọmọ. Ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan ni yóò dà kọ fún ọmọ tó fẹ́ lọ díje láti há sórí.

Mo jókòó, mo kọ àyọkà mi. Mo sọ ọ́ di ìtàn ọkùnrin kan tó ní àká kòkó ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn ará ìlú ń kó kòkó wọn pamọ́ sí, tí obìnrin kan sì ń bá wọn ṣọ́. Ìpínrọ̀ kìíní dé ìkẹta, kòkó ni: bí wọ́n ṣe ń sá a, bí òjò ṣe ń bà á jẹ́. Ìpínrọ̀ karùn-ún, kòkó ni. Gbogbo ìbéèrè tí mo kọ, orí kòkó ni wọ́n dá lé, ọ̀rọ̀ tó le wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn kí ọwọ́ Dáírẹ́kítọ̀ lè tètè tẹ ìlà tó ń wá. N kò kọ ìbéèrè kankan sórí ìpínrọ̀ kẹrin. Ibẹ̀ ni mo fi òun alára sí. Mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi pé kò ní kà á.

Olóyè ti sọ pé kí n fọwọ́ ara mi mú ìwé náà wá lọ́jọ́ ìdíje. Mo ní rárá, kí akọ̀wé bá wa tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ tónítóní. Mo wọ takisí lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ níbi tí Olúdayọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé ìdáhùn wà níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé Mọpẹ́olúwa, ọmọ Dáírẹ́kítọ̀ gan-an, ni yóò ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo ti kọ́ ọmọ yẹn rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní. Nínú takisí tí mo wọ̀ padà, mo rò ó pé mo lè yí ìpínrọ̀ kan padà, kò tíì pẹ́ jù. N kò yí i.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ìyá àgbà wà níwájú lọ́tùn-ún, àwọn òbí kún ẹ̀yìn. Mo rí ojú tí mo mọ̀. Mo rí Ìyá Tóyìn, tí wọ́n fagi lé èsì ọmọ rẹ̀ lọ́dún náà, tó tutọ́ sílẹ̀ nígbà náà bí mo ṣe ń kọjá. Kò dá mi mọ̀. Mo ti sanra, mo ti ń lo awò, mo sì wé gèlè tó bo etí. Dáírẹ́kítọ̀ pàápàá wá kí wa nídìí tábìlì adájọ́, ó tẹ̀ríba, ó ní màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní ẹ ṣé o, sà.

Ó kan Mọpẹ́olúwa. Ó ti ga, ojú rẹ̀ dá ṣáká, ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì kà lóòótọ́. Ó ka ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ẹni ń mu omi. Dáírẹ́kítọ̀ jókòó síwájú, ó ń mi orí sí i. Àwọn ìyá àgbà ti ń tòògbé. Ọmọ náà wọ inú ìpínrọ̀ kẹrin, ó sì ka ìlà méjì kí ohùn rẹ̀ tó yí padà. Ó lọ́ra. Ìlà kẹta sọ pé ọkùnrin alákàá náà fúnra rẹ̀ ló ṣí àká lọ́sàn-án gangan, tó kó kòkó àwọn ará ìlú jáde lójú àwọn ọmọdé tó ń ṣeré, tó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ. Ìlà kẹrin sọ pé nígbà tí ìlú pé jọ, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún.

Ẹ wò ó, n kò lè ṣètò èyí tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e bí mo bá tilẹ̀ fẹ́. Ara Dáírẹ́kítọ̀ kò balẹ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó gbá etí agbádá mú, ó sì ń nù ún.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, gbogbo àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá àgbà kan jí, ó gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ní kí ọmọ dúró, kí ó fi Ìjẹ̀ṣà sọ ohun tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mọpẹ́olúwa wò mí. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé ẹ̀yìn. Ó sọ pé ọkùnrin náà wí fún ìlú pé ìyá òun ń gbọ́ òun lọ́run, òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, obìnrin tó ń ṣọ́ àká ló jí kòkó, wọ́n sì lé obìnrin náà kúrò nílùú.

Ìyá àgbà náà na ọ̀pá rẹ̀ sí iwájú. "Silas," ó ní, "ṣé éè ṣe ùwọ rèé?"

Dáírẹ́kítọ̀ dìde láti sẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó la ẹnu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni ohun tó ti ń jáde níbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. "Ìyá mi ń gbọ́ mi lọ́run," ó ní.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń di ara wọn mú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ ń ṣí ń pa dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tó ń wí. Mo jókòó mo ń wò ó, inú mi ń dùn, mo ń mu ìdùnnú náà lọ́fun bí omi tútù. Mo ronú kan ìyá mi àti ìsọ̀ rẹ̀ ní Àtàkúmọ̀sà, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Tóyìn dìde lẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ọmọ òun sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lọ́dún náà, pé Dáírẹ́kítọ̀ ló pe ìdáhùn, òun sì gbá a létí pé ó ń parọ́ mọ́ àgbà. Ó béèrè ibi tí Àǹtí Èjìdé wà. Mo dìde, mo tú gèlè mi. Mo ní èmi rèé.

N kò lè sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan ń pariwo mọ́ Dáírẹ́kítọ̀, Olúdayọ̀ tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Dáírẹ́kítọ̀ gba àárín èrò jáde, ẹnìkan tẹ etí agbádá rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò dúró fà á. Orúkọ mi mọ́ lọ́jọ́ náà ní Iléṣà, níbi tó ti bàjẹ́. Ohun tí mo lóṣòó dè ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ pátápátá.

Ọmọ rẹ̀ ṣì dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò sẹ́ni tó rántí ní kó jókòó. Ó di ìwé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Olóyè Ògúnrántí rọra sọ fún mi pé ká fi mọ síbẹ̀, ká fi ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ. Mo ní ìbéèrè adájọ́ ṣì kù. Ó wò mí, ó ní Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní òfin ẹgbẹ́ ni. Òótọ́ ni pé òfin ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òfin ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀san náà ti dùn mọ́ mi lẹ́nu jù. Mo fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Silas fi ẹnu ara rẹ̀ pe Silas ní olè, kí èrò gbọ́, kí n lè máa sùn dáadáa.

Mo bi í bí mo ṣe ń bi àwọn ọmọ mi ní Igbona. Mo ní kó má da ìlà kankan kọ, kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa: kí ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ìtàn yìí nígbà tó ń kọ ọ́?

 Mọpẹ́olúwa tún ìpínrọ̀ kẹrin kà sínú láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń rìn, kò fo ìlà kan. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, kò wo èrò, kò wo ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà jáde. Èmi ló wò.

"Àǹtí, ẹni tó kọ ọ́ kórìíra ọkùnrin náà gan-an," ó ní. "Ó sì mọ̀ pé ọmọ ọkùnrin náà ni yóò kà á síta, ó sì jẹ́ kó kà á."

 Olóyè yíjú sí mi, nítorí bí òfin ṣe wí nìyẹn, kí n sọ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

"Ó tọ̀nà," ni mo wí.

Ohùn mi kò jáde dáadáa. Àwọn ìyá àgbà ní àwọn kò gbọ́, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.